Ọmọ Orogún Tí Wọ́n Ń Kọ́ Nílé

“Bàbá Rhoda, orí ẹja tí mo fi ọwọ́ ara mi sè, ọmọ tí kò lè pe orúkọ ara rẹ̀ délẹ̀ ni ẹ wá gbé e fún?”

Comfort ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó dúró gbọnin níwájú ọkọ rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ní ìbàdí, ìró ti fẹ́ tú lára rẹ̀, kò bìkítà. Ẹ bá mi wo obìnrin. Ilé tó ti ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti dé láti Gánà ló fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ká yìí, nítorí orí ẹja. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ẹja ló ń dùn ún.

Ní ilé Láyíwọlá ní Ìlobù, àjẹkù baba kì í ṣe oúnjẹ lásán. Bí Láyíwọlá bá ti ìsọ̀ pánù àti ìṣó rẹ̀ dé láti Òṣogbo, tó jẹun tán, ọmọ tí inú rẹ̀ bá dùn sí jù lọ́jọ́ náà ló máa ń pè wá síbi àwo. Gbogbo ilé á rí i, gbogbo ilé á sì mọ ọmọ tó wà lójú baba. Láti ìgbà tí Rhoda, ọmọ Comfort, ti ń rìn tẹ́tẹ́ ló ti ń jẹ àjẹkù yìí. Ọjọ́ yìí ni Láyíwọlá wá pe Ṣùmbọ̀, ọmọ Dinah, ìyàwó kékeré.

“Jókòó, Comfort,” ni Láyíwọlá wí. “Ọmọ tó ka Sáàmù fún wa níbi àdúrà àárọ̀ ni mo fún. Àbí Ṣùmbọ̀ kì í ṣe ọmọ mi ni?”

“Rhoda tó ń wọ yunifọ́ọ̀mù lọ sílé-ìwé ìjọba láràárọ̀ ńkọ́? Rhoda tó ti wà ní kíláàsì kẹfà?”

“Rhoda náà á jẹ tiẹ̀ lọ́la.”

Ọ̀la yẹn ni Comfort ò lè dúró dè. Ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn, owú sì jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Akólòlò ni Ṣùmbọ̀. Nígbà tó wà nílé-ìwé, bí tíṣà bá ń pe orúkọ láàárọ̀, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń dáhùn “prẹ́sẹ́ǹtì, sà,” ọ̀rọ̀ náà á há sí i lọ́fun. Àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín, tíṣà á sì nà án pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára bó bá ti gbọ́ agogo ilé-ìwé. Ọjọ́ tí Dinah fojú ara rẹ̀ rí i ló fà á lọ́wọ́ wálé, kò sì dá a padà mọ́. Tíṣà ni Dinah fúnra rẹ̀ kó tó wọlé ọkọ, ọmọ tíṣà sì ni ní Ìfọ́n. Ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi pátákó dúdú kékeré kọ́ ara ògiri, ó sì ń kọ́ ọmọ rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ó kọ́ ọ pé kí ó máa fi ìka ta orúnkún jẹ́ẹ́jẹ́ bó bá ń sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ máa bá ìka jáde.

Comfort kọ́kọ́ fi í ṣẹ̀sín. “Ilé-ìwé ọ̀dẹ̀dẹ̀,” ló sọ ọ́. “Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ níbẹ̀, ṣé bí a ṣe ń kólòlò ni?” Dinah kàn ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ. Obìnrin náà ní sùúrù, sùúrù rẹ̀ yìí gan-an ló tún ń bí ìyálé rẹ̀ nínú. Ẹ ò mọ̀ pé ẹni tí a bá bú tí kò bú wa padà, ó dà bíi pé ó ń wò wá láti òkè ni?

Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi kúrò lẹ́nu Comfort. Láàárọ̀ ọjọ́ orí ẹja yẹn ni Ṣùmbọ̀ dúró níbi àdúrà, tó ń fi ìka ta ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀, tó ka Sáàmù láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí kò sì há níbì kankan. Láyíwọlá fi ọwọ́ nu ojú. Comfort rí i. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ ní Kùmásí, kò rí i kí ó sunkún nítorí ọmọ tòun rí.

Kẹ́ńkẹ́ ni iṣẹ́ Comfort. Ní Gánà ló ti kọ́ bí a ṣe ń po ọkà kíkan náà, tí a ń fi háhá àgbàdo wé e, tí a ń sè é. Ní gbogbo agboolé yẹn, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ́ràn kẹ́ńkẹ́ rẹ̀, èyí tó sì fẹ́ràn án jù ni Gàfárù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, tó ń lé àwọn ọmọ tí kò lọ sílé-ìwé káàkiri ìlú. Ojoojúmọ́ ló ń jẹ ẹ́, kì í sì í sábà sanwó.

“Ọ̀gá Gàfárù,” ni Comfort wí fún un bó ṣe ń bu ata dín-dín sí i lábọ́, “gbogbo ọmọ ọlọ́mọ lẹ ń lé lọ sílé-ìwé, ẹ ò sì rí èyí tó wà nílé mi.”

“Èwo nìyẹn, Màmá?”

“Ọmọ orogún mi. Ìyá rẹ̀ ti gbé e kúrò nílé-ìwé. Ó ní òun ń kọ́ ọ nílé. Irọ́ ni. Ojú ayé ni pátákó tó fi kọ́ ògiri. Ó ń rán ọmọ yẹn kiri ọjà ni.”

Gàfárù gbé òkèlè mì. “Ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ nìyẹn o. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n fojú mi rí i.”

“Ẹ ṣáà wà ní gáréèjì lọ́jọ́ ọjà, bí ọkọ̀ Ẹ̀rìn bá ti ń kún. Ojú yín á rí i.”

Ìkà ń rìn, ó rò pé ilẹ̀ ò gbọ́ ẹsẹ̀ òun. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, Comfort dúró títí Dinah fi gbé ata lọ sí ẹ̀rọ. Kíá ló pe Ṣùmbọ̀.

“Ọmọ dáadáa, gba igbá yìí, bá mi gbé e dé gáréèjì. Rhoda ti lọ sílé-ìwé, ẹsẹ̀ ń dun Ìyá ńlá rẹ.”

Ọmọ wo ló máa kọ iṣẹ́ ìyálé ìyá rẹ̀? Ní ilé yẹn, Dinah fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kọ ọ́. Ṣùmbọ̀ kúnlẹ̀, ó sì ru igbá kẹ́ńkẹ́. Ní gáréèjì, Gàfárù na ìka sí i. “Ta ló rán ẹ?” Ọ̀rọ̀ há sí ọmọ náà lọ́fun, ọwọ́ rẹ̀ wà lára igbá, kò rí ìka tó máa fi ta orúnkún. Gàfárù ò dúró gbọ́ èsì. Ó ti rí ohun tí wọ́n ní kó wá rí.

Kò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ tán kó tó dé ilé Láyíwọlá. Kò kan ilẹ̀kùn, kò kí ará ilé. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó sì kọjú sí yàrá Dinah pé òun fẹ́ kó àwọn ìwé tí wọ́n fi ń tan ìjọba jẹ. Dinah dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, kò sì kúrò lójú ọ̀nà.

“Ẹ má bínú, sà. Ẹ ò lè wọ yàrá mi láìsí àṣẹ ilé-ẹjọ́.”

“Èmi òṣìṣẹ́ ìjọba lò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí?”

“Mo mọ̀, sà. Òfin ní kí òbí rí i pé ọmọ òun ń kẹ́kọ̀ọ́. Kò ní kí ó jẹ́ abẹ́ òrùlé ilé-ìwé nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń kọ́ ọmọ mi, ẹ béèrè lọ́wọ́ mi, ó di dandan kí n dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n béèrè yàtọ̀ sí já wọlé.”

“A ó wò ó bóyá òfin rẹ ló máa gbà ọ́,” ni Gàfárù wí, ó sì bínú jáde. Comfort ń yọjú láti ojú fèrèsé. Inú rẹ̀ dùn títí ó fi gbàgbé ìkòkò lórí iná.

Nígbà tí Láyíwọlá dé tí wọ́n ròyìn fún un, ẹ̀rù ìjọba mú un. Ẹ má bú u. Ẹni tó bá bá àwọn ará wa wálé láti Gánà lọ́dún 1969 kì í bá ìjọba ṣeré. Ó ní ilé ní Kùmásí, ó ní ṣọ́ọ̀bù, ìjọba sì sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí rédíò, ó di ẹni tó ń fi orí ru àpótí.

“Dinah, nígbà tí ìjọba bá ní kí a lọ, lílọ là ń lọ. Bó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè tí ọmọ yìí kò sí nílé-ìwé, kí ìwọ náà di ẹrù rẹ, kí o padà sí Ìfọ́n. Mi ò lè di èrò ilé-ẹjọ́ nítorí agídí obìnrin.”

Ṣùmbọ̀ gbọ́ “ilé-ìwé.” Ó sá lọ sẹ́yìn ìyá rẹ̀, omi sì ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Dinah kúnlẹ̀. “Bàbá Rhoda, ẹ jẹ́ kí n lọ rí ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì. Kí wọ́n dán ọmọ wò. Bí wọ́n bá dá mi lẹ́bi, èmi fúnra mi ni n ó dá a padà sọ́dọ̀ tíṣà yẹn, n ó sì lọ sí Ìfọ́n láìjẹ́ pé ẹ lé mi.”

“Àwa náà á bá a lọ,” ni Comfort yára wí. “Kí wọ́n má ba à sọ pé a ò gbọ́ tẹnu wọn.” Ó ti rí i lọ́kàn rẹ̀, ẹrù Dinah lórí ọkọ̀ Ìfọ́n, àti àwo ọkọ rẹ̀ níwájú Rhoda títí ayé.

Ní ọjọ́ tí wọ́n lọ, Comfort lọ yunifọ́ọ̀mù Rhoda títí ó fi le bíi páálí. Ó fi ìpara pa á lẹ́sẹ̀, ó ní kó gbé ìwé kíkà rẹ̀ dání. Rhoda kò fẹ́ lọ. Ó ní inú ń run òun. “Inú wo? Òní ni wọ́n máa mọ ọmọ tó lọ sílé-ìwé yàtọ̀ sí ọmọ ọ̀dẹ̀dẹ̀,” ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì fà á lọ́wọ́.

Ọ̀gá pátápátá ní ọ́fíìsì náà ni Madam Victoria Oyèdèjì, obìnrin kúkúrú kan tí kì í pariwo. Ó fi wọ́n jókòó, ó gbọ́ ti Gàfárù, ó gbọ́ ti Dinah. Ó wá mú ìwé kan lórí tábìlì, ó fún Ṣùmbọ̀. Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó fi ìka kan orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀. Ó há lẹ́ẹ̀kan. Gàfárù fẹ́ sọ̀rọ̀, Madam gbé ọwọ́ sókè sí i. Ọmọ náà tún fi ìka kan orúnkún, ó ka ojú ìwé náà tán, ó sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n fún un ní ìṣirò, ó ṣe é. Madam wo ìwé tí Dinah fi ń kọ́ ọ láràárọ̀, ó mi orí pé ó dára.

“Bàbá, ìyàwó yín kò rú òfin kankan. Kí ọmọ kẹ́kọ̀ọ́ la fẹ́. Òbí ló máa yan ibi tí ó ti fẹ́ kọ́ ọ. Tiwa ni kí á béèrè, kí á sì wò ó bóyá ọmọ ń mọ nǹkan. Èyí sì ń mọ̀ ọ́n.”

Bí ẹni fi ata sójú Comfort ni. Ì bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n owú kì í mọ ibi tí a ti ń dúró.

“Ẹ dákun, Mà, èyí tí ìyá rẹ̀ ti fi kọ́ ọ sórí ló ń kà yẹn. Ẹ fún ọmọ tèmi níwèé. Rhoda, dìde. Kàwé fún wọn. Gbogbo alẹ́ ló ń kà á sí mi létí, Mà, láìwojú ẹnikẹ́ni.”

Madam gba ìwé Rhoda, ó ṣí àárín rẹ̀, ó fún un. Rhoda gbé e sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ohùn rẹ̀ já gaara, ó ń mi ara bí wọ́n ṣe ń ṣe ní kíláàsì. Ìyá rẹ̀ ń wo gbogbo ènìyàn lójú, lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Rhoda,” ni Madam wí pẹ̀lẹ́, “ìtàn ìjàpá lò ń sọ yìí. Ohun tó wà ní ojú ìwé tí mo ṣí fún ẹ, ti odò ni. Ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀ fún mi. Èyí tó bá wù ẹ́.”

Rhoda wo ìwé náà. Ó wò ó pẹ́. Ó rọra pa á dé.

“Mi ò mọ̀ ọ́n, Mà. Bí àwọn tó kù bá ti ń kà á ni èmi náà ń bá wọn wí.”

Ọdún mẹ́fà nílé-ìwé. Comfort tí kò mọ A lára ògiri, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Ohùn ọmọ ló ń gbọ́ láléalẹ́, ó rò pé ìwé ló ń gbọ́. Àánú rẹ̀ ì bá ṣe èmi náà, bí kì í bá ṣe ohun tó ṣe tẹ̀ lé e. Kàkà kí ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó na ìka sí Dinah.

“Kò burú! Ṣùgbọ́n ó ń rán ọmọ kiri. Ẹ bi Gàfárù. Lọ́jọ́ ọjà, ní àkókò ilé-ìwé, ojú rẹ̀ ló rí i ní gáréèjì pẹ̀lú igbá lórí. Òfin wo ló fọwọ́ sí ìyẹn?”

 Láyíwọlá yí ojú sí Dinah. “Ṣé òótọ́ ni?”

“Mi ò rán an níbì kankan,” ni Dinah wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà fún ìgbà àkọ́kọ́. “Ata ni mo gbé lọ lọ̀ lọ́jọ́ yẹn.”

“Ọ̀gbẹ́ni Gàfárù,” ni Madam wí, “kí ló wà nínú igbá?”

Gàfárù fi ọwọ́ pa ẹnu. “Ẹ̀ẹ̀... kẹ́ńkẹ́ ni, Mà.”

Láyíwọlá kò dúró kí Madam tún béèrè nǹkan mìíràn. Díẹ̀díẹ̀ ló yí ọrùn sí ìyálé rẹ̀. “Dinah kò wé kẹ́ńkẹ́ rí láyé rẹ̀. Ọmọ Ìfọ́n ni. Kò tilẹ̀ lè jẹ ẹ́ tán.”

“Kẹ́ńkẹ́ ta ni?” ni Madam bi Gàfárù. “Ìwọ tí ò ń jẹ ẹ́ lórí tábìlì mi lójoojúmọ́.”

“Ti Ìyá Rhoda ni, Mà.”

Ṣùmbọ̀ dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó ń fi ìka ta ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀. “Ì-Ìyá ńlá ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn,” ló wí. “Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé e.”

 Comfort fẹ́ búra, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ìbúra náà kú sí i lẹ́nu. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ tirẹ̀ kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Madam ní kí Gàfárù lọ kọ àlàyé bó ṣe já wọ ilé onílé àti iye ìgbà tó ti jẹ oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń fẹjọ́ sùn. Wọ́n gbé e kúrò ní Ìlobù kó tó di ọdún tuntun.

Wọn ò tíì délé tí Láyíwọlá fi sọ ọ́ jáde. “Ẹrù tí o fẹ́ kí Dinah dì, ìwọ ni kí o dì í. Padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ.”

Comfort jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọ̀nà, láìtẹ́ nǹkan. Dinah ló kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé wọn. Bí wọ́n bá lọ, Rhoda á bá wọn lọ. Ta ni yóò kọ́ ọ níwèé níbẹ̀? Ọmọ ọdún méjìlá ni. Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ dúró tì í.”

Wọ́n jẹ́ kí ó dúró. Ṣùgbọ́n Láyíwọlá gba kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì pè é ní Ìyá Rhoda mọ́. Ìlú gbọ́. Bó bá gbé igbá dé gáréèjì, àwọn awakọ̀ á kí i pé, “Ìyá Rhoda, ta ló rán yín lónìí?” Wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. 

 Bí Rhoda bá dé láti ilé-ìwé, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ẹní Dinah láti òkèèrè. Comfort rí i. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìyà ni kí ìyálé kúnlẹ̀ fún ìyàwó tó bá a nílé. Ó gbìyànjú láti rán Rhoda nìkan lọ. Ẹsẹ̀ ọmọ kò gbé. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì kan ilẹ̀.

“Dinah, ohun tí mo ṣe sí ẹ kò ṣeé sọ. Má fi ìyà mi jẹ ọmọ yìí.”

“Ẹ dìde, Ìyálé mi. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ rí yín bẹ́ẹ̀.” Dinah sún Ṣùmbọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní. “Rhoda, jókòó.”

Ẹ má rò pé owú kúrò lára Comfort lọ́jọ́ yẹn. Bí Ṣùmbọ̀ bá ka ọ̀rọ̀ kan kí Rhoda tó kà á, inú rẹ̀ á tún ta. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ń ṣa háhá àgbàdo rẹ̀ tó ń gbọ́ wọn.

Oṣù gbó, oṣù lé. Lọ́jọ́ kan Rhoda gbé ìwé sókè, ó ka gbólóhùn kan láìsí ẹni tó bá a wí i, ìkejì tẹ̀ lé e, ìkẹta tẹ̀ lé e. Ohùn náà já gaara, bó ṣe máa ń já gaara láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ̀rù ba Comfort. Ó wo ìwé náà, ìlà dúdú lásán ló rí níbẹ̀. Òun tó bí ọmọ kò lè mọ̀ bóyá ọmọ òun ń kàwé tàbí ó ń tan òun jẹ.

Nínú gbogbo ilé, ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ fún un. Ó gbé ojú sókè wo orogún rẹ̀.

“Ṣé ó ń kà á?” ló béèrè.

“Ó ń kà á, Ìyálé mi,” ni Dinah wí.